Òdòdó Auntie Pauline Tí Grandma Ro Dànù

Ní ọdún tí Grandma fi gbé lọ́dọ̀ wa ní Thamesmead, kì í ṣe aago ló ń jí wa, ìgbálẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bọ́jú, a ó ti máa gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, ṣà, ṣà, ṣà, lórí ilẹ̀ síméǹtì tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Bàálù á máa kọjá lókè, àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú omi tó wà lẹ́yìn ilé á máa pariwo, Tóbi àbúrò mi tí kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà á máa ké, ìgbálẹ̀ Grandma kò ní í dákẹ́. Daddy a máa yọjú lójú fèrèsé tòun ti oorun, á ní kò kúkú sí ewé kankan nílẹ̀. Grandma á ní kì í ṣe ewé lòun ń gbá, ipa ẹsẹ̀ àná lòun ń gbá kúrò. Kí àwọn àgbà tó bá ń ka ìwé yìí má bínú pé “ó” ni mò ń pe ìyá bàbá mi. Ẹnu ọmọ Thamesmead ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ìyá náà fúnra rẹ̀ sì ti fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Daddy ń wa bọ́ọ̀sì, Mummy sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí pápá Woolwich Common. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Mummy padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bí Tóbi, Daddy ránṣẹ́ sí Ìkirè pé kí ìyá òun wá bá wa tọ́ ọmọ. Grandma dé nígbà tí ewé igi ń já bọ́, ó sì gbé àpótí méjì. Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti dòdò Ìkirè ló kún inú wọn. Mummy wá tú aṣọ kan tí wọ́n dì ní kókó, ló bá bá ojú ọkọ́ nínú rẹ̀, irin lásán, kò ní ẹrúkọ́. Ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ni Maami fẹ́ fi ọkọ́ ṣe nílùú Ọba. Grandma dáhùn pé ẹni tó ń lọ síbi tí kò mọ̀ kì í fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sílé. A rẹ́rìn-ín títí. Daddy fi ayùn gé igi ìgbálẹ̀ òyìnbó kan tó ti kán, ó fi ṣe ẹrúkọ́ fún un, ó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni tó gbé nǹkan ìṣeré fún ọmọ.

Tóbi ni iṣẹ́ Grandma. Á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á fi omi gbígbóná tẹ ìdodo rẹ̀, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà di ojo. Igbe ọmọ náà á gba gbogbo ojúlé. Lẹ́yìn ìyẹn á sùn fọnfọn di ọ̀sán. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí bí Tóbi bá ti sùn, iṣẹ́ tán. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ. Èmi ni mò ń ṣa ẹ̀wà àkàrà ní ọjọ́ Sátidé, Mummy sì ti kìlọ̀ pé Maami kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo. “Ẹ sinmi, mà” di orin lẹ́nu gbogbo wa. Obìnrin tó ti ro oko láti ìgbà èwe rẹ̀ wá jókòó ti híítà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀lù wé orí, ó ń wo òjò lára fèrèsé. Ó ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, òun kò sì fẹ́ kí èṣù tún wá bá òun dé London. Nígbà tí ọdún tuntun fi wọlé, kò kọrin mọ́ bó bá ń wẹ ọmọ. Kì í jẹ ẹyọ ẹ̀kọ kan tán. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí lẹ́yọ lẹ́yọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru ló yẹ kó padà sílé. Daddy àti Mummy ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ìdáná. Bí Maami bá lọ, ta ni yóò gbé Tóbi dání? Èmi ò ro ti Tóbi. Ìyá náà ni mi ò fẹ́ kó lọ.

Auntie Pauline ni aládùúgbò wa, òyìnbó tó ń dá gbé. Ó ti sọ fún wa pé kí a máa pe òun ní Pauline lásán, ṣùgbọ́n Mummy sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ orúkọ àgbà lẹ́nu mi láìsí Auntie níwájú rẹ̀, èmi àti òun ni. Pákó ọgbà kan ti já láàárín ẹ̀yìnkùlé wa àti tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń gbà lọ jẹ bisikíìtì lẹ́yìn ilé ìwé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbé ní Amẹ́ríkà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà níbi tí pápá koríko tẹ́ lọ tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ já èso òdòdó kan nínú pápá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó kó hóró rẹ̀ sínú àpòòwé, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó kú. Auntie Pauline fi bébà tí káfíńtà fi ń dán pákó ha ẹ̀yìn àwọn hóró náà torí wọ́n le koko, ó rẹ wọ́n sómi, ó gbìn wọ́n. Mẹ́ta péré ló hù. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é túmọ̀ sí ẹ̀lú inú igbó. Àgbà ti dé kí n tó mọ̀ pé ẹbí ẹ̀wà ni lóòótọ́, pé òun àti òtílí àti ẹ̀lú tí àwọn aláró ń lò, ará ilé kan náà ni gbogbo wọn.

Òdòdó yìí kì í kánjú. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló fi ń kọ́ gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ kó tó ronú àtitanná, bẹ́ẹ̀ ni Auntie Pauline ṣe wí, ó sì fi ọwọ́ wọn ìgbáròkó mi láti fi bí gbòǹgbò náà ṣe ń jìn tó hàn mí. Ìgbà ooru tó ń bọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ tanná. Bí òtútù bá dé, gbogbo igi rẹ̀ á dúdú bí èédú, á gbẹ, á sì wó lulẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ó ti kú. Ìdí tó fi pè mí nìyẹn nígbà tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìbàdí. Ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìdì igi dúdú mẹ́ta, ó ní kò kú o, sísùn ló ń sùn. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ fún òun, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní, “I promise.” Mo sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọdé ṣe ń ṣèlérí.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Mummy máa ń yà wò ó ní wọ́ọ̀dù bí ó bá ráyè, ó tiẹ̀ gbé ìrẹsì lọ fún un. Láti ibẹ̀ ni ọmọ àbúrò Auntie Pauline, obìnrin kan, ti gbé e lọ sílé tirẹ̀ pé kó sinmi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ewé jíjẹrà, koríko àti èsìsì bo ẹ̀yìnkùlé Auntie Pauline, Grandma sì ń wò ó láti ojú fèrèsé òkè lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní ní ìlú tòun, bí ara ẹnì kan kò bá yá, àwọn ará àdúgbò ní í bá a ro àyíká ilé, torí ilé tí koríko bá gbà, ilé òkú ló ń jọ. Ó ní ṣé irú rẹ̀ ni obìnrin yẹn máa ti orí àìsàn wá bá? Mummy ní kò sí wàhálà, Maami, àwọn òyìnbó kì í ka ìyẹn sí. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Mummy àti Daddy ti lọ síbi iṣẹ́, tí Tóbi sì ti sùn, Grandma mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà òjò Daddy, ó ní kí n gbé bíìnì tẹ̀lé òun.

Mi ò tíì rí Grandma bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ̀ ba, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ́ ń lọ ó ń bọ̀, ilẹ̀ ń yí dúdú sókè. Ṣọ́ọ̀lù já bọ́ lórí rẹ̀, kò mú un. Nígbà tó yá mo gbọ́ tó ń kọrin. Orin ìjọ tó máa ń kọ fún Tóbi ni, èyí tí a kò tíì gbọ́ láti nǹkan bí oṣù méjì. Ó dé ibi igi dúdú mẹ́ta yẹn, ó nà ró, ó nu imú, ó wò mí.

“Àjọkẹ́, kí lèyí? Ó ti kú, àbí?”

Àjọkẹ́ ni oríkì mi, òun nìkan ló ń fi pè mí. Mo wo igi náà, mo wo ojú Grandma tó ti gba oòrùn díẹ̀.

“Ó ti kú, mà.”

Mo ti bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀mélòó kan pé kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dá a dúró, á padà sídìí híítà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Òtítọ́ nìyẹn. Òtútù náà sì ń mú mi, kàtúùnù sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn náà. Ó ro méjì àkọ́kọ́ jáde tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, gbòǹgbò wọn nípọn tó àtàǹpàkò Daddy, ó sì já kí ó tó tán nínú ilẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkọ́ kọ lu bíríkì, nítorí náà ó kàn gé e mọ́lẹ̀ ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú bíìnì, ọkọ̀ tí kánsù fi ń kó ìdọ̀tí sì gbé e lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Grandma gbá ilẹ̀ náà títí ipa ìgbálẹ̀ fi hàn lára rẹ̀ bí ilà irun dídì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta àti àkàrà, ó ní kí n fi ata sí i. Àwọn aṣọ kúrò nínú àpótí, wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Daddy dé, ó gbọ́ orin láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró tòun ti báàgì lọ́wọ́ kó tó wọlé. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi nìkan ni mi ò yọjú sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Auntie Pauline padà dé. Grandma ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó se mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ kí i. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ “ẹ ṣeun” díẹ̀ náà, ta ni kò fẹ́? Auntie Pauline gbá irin tó fi ń rìn mú, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì rí ilẹ̀ náà bó ṣe mọ́ tó. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀. Grandma fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí ló dé, kí ni obìnrin náà wí? Mo ní ó ní ẹ ṣeun, mà, ayọ̀ ló ń mú un sunkún. Grandma rẹ́rìn-ín, ó ní kí Olúwa jẹ́ kí ara rẹ̀ le. Auntie Pauline wá bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo sọ fún ìyá mi àgbà pé òdòdó náà kò kú. Mo ní mo sọ fún un, Yorùbá mi ni kò já geere, ọ̀rọ̀ mi kò yé e. Bí mo ṣe dúró sí àárín àwọn àgbà méjì nìyẹn, tí mo purọ́ fún ọ̀kan ní èdè kan, tí mo purọ́ fún èkejì ní èdè kejì, tí wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ méjì tèmi yẹn kò tó ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Sunday, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ àbúrò Auntie Pauline pe Mummy sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: èso tí ọkùnrin tó ti kú náà fi ránṣẹ́, ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dúró dè é, àti pé wọ́n ní a ti kìlọ̀ fún ìyá àgbà ṣùgbọ́n kò yé e. Mummy wọlé, ó sọ ọ́ fún Grandma pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Grandma kò pariwo. Ó ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún òun. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá ó dìde, ó lọ mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dì í, ó gbé e sínú àpótí. Ó sọ fún Daddy pé kó bá òun wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní òun wá bá ọmọ òun tọ́ ọmọ, òun kò wá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ládùúgbò. Daddy ní kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan, ẹ̀bẹ̀ la máa lọ bẹ̀, gbogbo wa, báyìí.

Kí n yára sọ èyí kí ọkàn ẹni tó ń kà á lè balẹ̀: ọ̀kan nínú òdòdó mẹ́ta yẹn padà hù. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ni. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, ó yọ orí jáde bí ìka ọmọdé, Grandma ló sì kọ́kọ́ rí i. Kò tanná lọ́dún yẹn, kò tanná lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó tanná, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìkirè, òdòdó tó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ àlùkò, tí wọ́n gorí ara wọn lórí ọ̀pá kan. Grandma ní òdòdó erèé kúkú ni, ó yẹ kí òun ti mọ̀ ọ́n láti ara ewé. Auntie Pauline ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, mo sì máa ń já díẹ̀ lọ fún un níbi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sunday yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun yóò hù.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Auntie Pauline, ó jókòó sórí àga gíga tí wọ́n gbé fún un láti ilé ìwòsàn. Daddy wọlé tòun ti agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Auntie Pauline rò pé ó ti dákú. Ó ti na ọwọ́ sí fóònù kí Mummy tó sáré ṣàlàyé. Grandma wá di apá àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún kan wá ilẹ̀. Ó dàgbà ju Auntie Pauline lọ dáadáa. Mi ò rí Grandma kí ó kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí, àwọn ènìyàn ló ń kúnlẹ̀ fún un.

“Grandma, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ bi mí, èmi ni mo ní ó ti kú. Mo mọ̀ pé kò kú.” Mo yíjú sí Auntie Pauline. “I lied. She asked me and I said it was dead.”

Mummy pe orúkọ Jésù lábẹ́lẹ̀. Grandma dúró bẹ́ẹ̀, orúnkún kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè, ó ń wò mí. Mo rò pé yóò dìde. Ó kúnlẹ̀ tán.

“Bùkọ́lá,” ó ní. Kò pè mí ní Àjọkẹ́. “Kúnlẹ̀ síbí. Túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un, má yọ ẹyọ kan kúrò. Sọ fún un pé nígbà tí ọkọ́ mi gé gbòǹgbò àkọ́kọ́, ó funfun, ó ń ṣomi. Àgbẹ̀ ni mí. Mo rí i pé kò kú. Ara mi ti wọ iṣẹ́ náà, inú mi ń dùn, mi ò fẹ́ dúró. Ọmọdé purọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ojú mi kò purọ́.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó gbà mí ní àkókò, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ti ara tó wọ iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Auntie Pauline tẹ́tí. Ó ní kí ìyá náà jọ̀ọ́ dìde, òun kò lè bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Grandma ní bó bá ti dárí jì wá, a ó dìde. Auntie Pauline mí kanlẹ̀. Ó ní òun dárí ji ìyá náà. Ó wá wo èmi, ó ní, “You, not yet.”

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. “Ó ti dárí jì yín, mà. Ó ní èmi, òun ò tíì.”

Grandma mi orí bí ẹni pé ó rí ẹjọ́ náà bó ṣe tọ́. Kò dìde. Ó sún mọ́ mi títí èjìká rẹ̀ fi kan tèmi.

“Sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìde kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ nílẹ̀. Kó fara balẹ̀ rò ó, orúnkún mi ṣì lágbára.”

Daddy, tó ti fẹ́ máa gbé orí sókè, tún dà á dé. Mummy kúnlẹ̀ lẹ́yìn wa tòun ti Tóbi lẹ́yìn rẹ̀. Auntie Pauline wo gbogbo wa lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, láti orí Daddy dé orí Tóbi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀. Grandma fà mí lápá, ó ní kí ló wí? Mo sọ ọ́ fún un gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ó ní ó dáa. Ó ní èmi náà.”